Híítà omi olóòrùn tẹ́ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín kọ́: wákàtí tẹ́ẹ ń wẹ̀ ni kó yan èyí tẹ́ẹ máa ṣe

Ẹni tó bá ti fẹ́ kọ́ híítà omi tó ń lo oòrùn, ìbéèrè tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu ẹ̀ ni "èwo nínú wọn ló ń gbóná jù?" Èmi náà béèrè ẹ̀, òun gan-an ló sì jẹ́ kí n kọ́ nǹkan ẹ̀ẹ̀mejì kí n tó kọ́ èyí tó wúlò fún mi. Gbogbo wọn ló ń gbóná o, ẹ ò lè kun nǹkan lọ́dà dúdú kẹ́ẹ gbé e sábẹ́ gíláàsì nínú oòrùn kó má gbóná. Ohun tó yẹ kẹ́ẹ bi ara yín ni pé aago mélòó lẹ máa ń nílò omi gbígbóná yẹn. Oòrùn ò mọ̀ pé ìdájí lẹ fẹ́ wẹ̀, ọ̀sán ló ń kó ooru tiẹ̀ wá, tó bá di alẹ́ ó ti lọ nìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa mọ bẹ́ẹ ṣe máa tọ́jú ooru yẹn pa mọ́ dìgbà tẹ́ẹ máa lò ó.

Oríṣi mẹ́rin ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é nílé. Páìpù rọ́bà dúdú tí wọ́n ká róbótó, tánkì dúdú tí wọ́n gbé sínú àpótí onígíláàsì, àkàbà kọ́pà tó ní tánkì tiẹ̀ lọ́tọ̀, àti èyí tí wọ́n ń fi ìgò rọ́bà ṣe. Pọ́ǹpù máa ń wọ ọ̀rọ̀ yẹn nígbà míì, màá débẹ̀.

Ìṣirò díẹ̀ kẹ́ẹ tó gbé ayùn

Tójú ọ̀run bá mọ́ kedere lọ́sàn-án gangan, ibi tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú mítà kan lóròó, nǹkan bíi wáàtì 1000 ni oòrùn ń dà sí i lórí, ìyẹn tó áyọ́ọ̀nù kan tó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí oòrùn ti dáa, tẹ́ẹ bá kó ti gbogbo ọjọ́ pọ̀, ó máa ń tó yúníìtì 5 (yúníìtì tí wọ́n fi ń ka iná náà ni mò ń wí), ohun tá a fọwọ́ kọ́ nílé sì máa ń jẹ́ kí ìdajì ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sá mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká ní yúníìtì 2 ló dúró sínú omi. Láti gbé omi lítà 100 kúrò ní dígírì 25 lọ sí dígírì 55, yúníìtì 3 àbọ̀ ló máa gbà. Ẹ ti rí i báyìí pé ojú tó ń gba oòrùn gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po kan àbọ̀ sí méjì ibi tó jẹ́ mítà kan níbùú mítà kan lóròó yẹn, kí lítà 100 yẹn tó gbóná dáadáa lójúmọ́. Tẹ́nì kan bá wá sọ pé àpótí tí ò ju sítúùlù lọ máa gbé lítà 200 gbóná, ẹ ṣáà rẹ́rìn-ín músẹ́.

Páìpù rọ́bà tí wọ́n ká

Èyí ló yá jù, òun náà ló ń tan èèyàn jù. Ẹ ra páìpù rọ́bà dúdú, irú èyí tí wọ́n fi ń bomi rin oko, ẹ ká a bí ejò tó sùn lórí pákó tẹ́ẹ ti kùn ní dúdú, ẹ fi wáyà dè é, ẹ so ẹnu kan mọ́ ibi tómi ti ń wá, ẹnu kejì mọ́ táàpù. Ọ̀sán ọjọ́ kan, iṣẹ́ ti parí.

Ìṣòro ẹ̀ ni pé kò gba omi. Páìpù tí ihò inú ẹ̀ jẹ́ mm 13, kódà kó gùn tó mítà 100, lítà 13 péré ló wà nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe tèmi, mo ṣí táàpù láago méjì ọ̀sán, omi tó kọ́kọ́ yọ gbóná débi pé mo fa ọwọ́ yọ kíá, mo wá ń pariwo pé kí wọ́n wá wò ó, kí wọ́n tó wọ bàtà jáde, omi ti di tútù padà, ìṣẹ́jú méjì géérégé. Wọ́n wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n padà wọlé.

Àwọn kan á ní àwọn á so ó mọ́ tánkì kómi máa yí fúnra ẹ̀. Kò ní yí. Agbára tómi gbígbóná fi ń gun òkè kéré gan-an, kò lè ti omi gba inú ihò tóóró tó gùn tó mítà 100, àfi tẹ́ẹ bá fi pọ́ǹpù ràn án lọ́wọ́. Tẹ́ẹ bá sì fi gíláàsì bò ó kó lè gbóná sí i, ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ tẹ́nikẹ́ni ò lo omi, torí páìpù rọ́bà tómi ò rìn nínú ẹ̀ lábẹ́ gíláàsì máa ń rọ̀, ojú ibi tẹ́ẹ ti so ó á bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Ibi kan wà tó ti ju gbogbo wọn lọ ṣá, ìyẹn omi ìlúwẹ̀ẹ́. Omi ìlúwẹ̀ẹ́ ò nílò ju kó fi díẹ̀ gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ, ooru ò ní máa sá kúrò nínú páìpù yẹn púpọ̀, ẹ ò tiẹ̀ nílò gíláàsì. Bákan náà ẹni tó kàn fẹ́ fọ ẹsẹ̀ tàbí irinṣẹ́ níta lọ́sàn-án, kó má wulẹ̀ da ara ẹ̀ láàmú, páìpù yìí tó o.

Tánkì inú àpótí

Ọdún 1891 ni Clarence Kemp ní Baltimore lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀, ó pè é ní Climax. Kó tó dìgbà yẹn, tánkì dúdú lásán làwọn èèyàn ń gbé sínú oòrùn, ó máa ń gbóná lóòótọ́, àmọ́ bó ṣe ń gbóná ni atẹ́gùn ń kó o lọ. Ohun tí Kemp ṣe ò ju pé ó gbé tánkì dúdú sínú àpótí onígíláàsì. Nígbà tó di 1909, William Bailey ní California wá ya ibi tómi ti ń gbóná sọ́tọ̀, ó ya ibi tómi ń dúró sí sọ́tọ̀, ó sì fi ohun tó ń di ooru mú wé tánkì yẹn nínú ilé. Orúkọ tó fi ń tà á ni Day and Night, tọ̀sán-tòru. Orúkọ yẹn nìkan ti sọ ibi tí tẹni àkọ́kọ́ kù sí: títí di ìrọ̀lẹ́ ni ti Kemp gbóná dáadáa, tílẹ̀ bá fi máa mọ́, gíláàsì tó gba ooru wọlé lọ́sàn-án ti jẹ́ kó bá ibẹ̀ jáde padà.

Síbẹ̀ tó bá jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ lẹ máa ń wẹ̀, ẹ má wo ibòmíì, èyí ni kẹ́ẹ ṣe. Kò ní pọ́ǹpù, kò ní páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dí, ohun tó lè bàjẹ́ lára ẹ̀ ò pọ̀. Omi tútù wọlé nísàlẹ̀ tánkì, tó gbóná jáde lókè. Ọ̀pọ̀ ló ń lo tánkì híítà iná tó ti kú, wọ́n á bó ẹ̀wù ara ẹ̀ kúrò, wọ́n á fi yanrìn-bébà ha á, wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà dúdú tí ò dán, irú èyí tí wọ́n fi ń kun sálẹ́ńsà mọ́tò tí iná ò lè bó. Ẹ kọ́kọ́ bomi kún un kó sùn mọ́jú kẹ́ẹ wò ó bóyá ó ń jò, torí híítà tó kú, nígbà míì jíjò ló pa á. Tẹ́ẹ bá rí tánkì tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ẹ so wọ́n tẹ̀ léra dípò tánkì ràgàjì kan, torí ara tó ń kan oòrùn pọ̀ sí i fún iye omi kan náà.

Ẹ má gbàgbé ìwúwo. Lítà kan, kílò kan. Tánkì lítà 150 pẹ̀lú àpótí àti gíláàsì tó wà lórí ẹ̀ ti ń sún mọ́ kílò 200 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, orí òrùlé tẹ́nikẹ́ni ò yẹ̀ wò kọ́ lèèyàn ń gbé irú ẹ̀ sí. Ilẹ̀ ni mo gbé tèmi sí. Ẹlòmíì máa ń ṣe ìdérí nínípọn tó ń dé gíláàsì lálẹ́, ó sì máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ bi ara yín lóòótọ́ bóyá ẹ máa rántí dé e lójoojúmọ́. Èmi rántí fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Àkàbà kọ́pà àti tánkì lókè ẹ̀

Èyí ni tàwọn tó ń jí wẹ̀ láàárọ̀. Òun ló níṣẹ́ jù, òun náà ló sì ń san èrè jù.

Páìpù kọ́pà tó nípọn díẹ̀, mm 22, méjì, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, kẹ́ẹ wá fi páìpù mm 15 bíi mẹ́jọ so wọ́n pọ̀ bí ìgbésẹ̀ àkàbà, àlàfo sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 láàárín wọn. Ẹ fi pẹlẹbẹ kọ́pà tàbí àlùmíníọ̀mù dúdú mọ́ ọn lára, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ sínú àpótí tó ní òwú fáíbà lẹ́yìn àti gíláàsì níwájú. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ojú ibi tí pẹlẹbẹ yẹn ti kan páìpù. Pẹlẹbẹ tó kàn sùn lé páìpù ń fẹnu kàn án ni, kò gbá a mọ́ra, ooru máa wà lórí pẹlẹbẹ, omi á sì wà ní tútù. Ẹ lu kòtò gbọọrọ sí i kó lè di páìpù mú ní ìdajì ara ẹ̀ ó kéré tán.

Tí oòrùn bá mú omi inú pánẹ́ẹ̀lì (àpótí tí àkàbà kọ́pà wà nínú ẹ̀ yẹn), á fúyẹ́, á gun òkè lọ sínú tánkì, omi tútù ìsàlẹ̀ tánkì á sọ̀kalẹ̀ wá gba ipò ẹ̀, á máa yí bẹ́ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ láìsí iná. Àmọ́ ìsàlẹ̀ tánkì gbọ́dọ̀ ga ju orí pánẹ́ẹ̀lì lọ, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 30. Èmi gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo ní ṣebí ìyàtọ̀ díẹ̀ ni. Lálẹ́, mo fọwọ́ kan tánkì, ó gbóná dáadáa, inú mi dùn lọ sùn. Láago márùn-ún àárọ̀, omi tó jáde ò yàtọ̀ sí ti kànga. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lóru, pánẹ́ẹ̀lì ló tutù jù, omi inú ẹ̀ wúwo, ó sọ̀kalẹ̀, ó ń fa omi gbígbóná kúrò ní tánkì wá sójú ọ̀run. Gbogbo ohun tí mo kó lọ́sàn-án, ẹ̀rọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ló kó o dànù. Mo gbé tánkì ga, ó parí.

Páìpù tó lọ sí tánkì náà gbọ́dọ̀ máa gun òkè ni ṣáá, kò gbọdọ̀ ní ibì kan tó tún wá sọ̀kalẹ̀, torí afẹ́fẹ́ á jókòó síbi tó ga yẹn, omi ò ní kọjá mọ́. Bẹ́ẹ ṣe máa mọ̀ rèé: láago 12 ọ̀sán, ẹ gbọ́wọ́ lé páìpù tó jáde lórí pánẹ́ẹ̀lì. Tó bá ń jó yín lọ́wọ́ tí tánkì sì tutù sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ló dí i. Tẹ́ẹ bá fẹ́ sọ́dà páìpù, ìyẹn kẹ́ẹ fi irin yíyọ́ lẹ̀ wọ́n pọ̀, ẹ lo èyí tí ò ní òjé nínú, omi tẹ́ẹ máa lò ló ń gbabẹ̀. Ẹ má sì fi gíláàsì bò ó kẹ́ẹ tó jẹ́ kí omi tó ní agbára wà nínú ẹ̀ mọ́jú, kẹ́ẹ wò ó bóyá ó ń jò.

Tẹ́ẹ bá ń ṣa ohun èlò

Kọ́pà ń gbé ooru rìn ju àlùmíníọ̀mù lọ bí ìlọ́po kan àbọ̀ ó lé díẹ̀, ó sì ju irin lásán lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ, ti rọ́bà ò tiẹ̀ yẹ lẹ́ni tó ń bá a díje. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé páìpù kọ́pà, pẹlẹbẹ àlùmíníọ̀mù, owó dínkù, iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ dínkù. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí omi tó ti kọjá nínú kọ́pà lọ bọ́ sínú tánkì onísíǹkì, kọ́pà máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí á fi lu. Páìpù rọ́bà PVC funfun tàbí aláwọ̀ eérú ò gbọdọ̀ sún mọ́ ibi tó ń gbóná, dígírì 60 ló ti ń rọ̀.

Ní ti ohun tẹ́ẹ fi bo ojú ẹ̀, gíláàsì fèrèsé àtijọ́ ṣì ni mo fara mọ́, ó wúwo, ó lè fọ́, àmọ́ kì í pọ́n, ooru tó bá sì fẹ́ bá ibẹ̀ jáde kì í rọrùn fún un. Pólíkábónéètì fúyẹ́, òkúta ò lè fọ́ ọ bọ̀rọ̀, ojú ẹ̀ ló máa ń ṣú tó bá pẹ́. Nọ́ọ́lọ̀nù lásán? Oòrùn á gbẹ ẹ́ gbiri, á ya. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n tuntun sínú páálí, ẹ má fi í sẹ́yìn àkàbà kọ́pà, torí lọ́jọ́ tómi ò bá sí nínú pánẹ́ẹ̀lì, inú àpótí yẹn lè kọjá dígírì 120, fóòmù á rọ mọ́lẹ̀ bí ìpara.

Ìgò rọ́bà

José Alano ní Brazil ló gbé èyí jáde ní 2002. Ìgò rọ́bà tí wọ́n gé ìdí ẹ̀, tí wọ́n tò bọ páìpù tó dúró lóòró, páálí mílíìkì tí wọ́n kùn ní dúdú wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Ìgò ń dènà atẹ́gùn, páálí ń gba oòrùn. Ó ń yí fúnra ẹ̀ bíi ti kọ́pà, òfin tánkì tó gbọ́dọ̀ ga náà kan òun. Owó tó ń náni kéré jù lọ, àwọn ọmọ ilé sì lè bá yín ṣe é. Àmọ́ rọ́bà ni gbogbo ẹ̀, ẹ má retí ju nǹkan bíi dígírì 50 lọ, kẹ́ẹ má sì fẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀, torí ìgò á ká kò. Fún ìwẹ̀, 50 ti tó pò mọ́ omi tútù. Tójú ìgò bá ti ṣú, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Ṣé kẹ́ẹ fi pọ́ǹpù sí i?

Tó bá jẹ́ pé orí òrùlé nìkan lẹ ti lè rí oòrùn, tí tánkì sì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, kò sí ọgbọ́n míì. Èyí tó dáa lójú mi ni pọ́ǹpù kékeré fólítì 12 tẹ́ẹ so tààrà mọ́ pánẹ́ẹ̀lì sólà kékeré, kò sí bátìrì, oòrùn le, pọ́ǹpù le, kùrukùru bò ó, pọ́ǹpù náà sinmi. Ẹ fi fáàfù tí kì í jẹ́ kómi padà sẹ́yìn sí i, kí ohun tó ṣe mí lóru má bàa ṣe yín.

Ohun tí mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà lórí ẹ̀

Omi tó ń gbóná ń wú. Tánkì tẹ́ẹ dí pa níbi gbogbo tí ò ní fáàfù tó ń tú agbára sílẹ̀, tí ò sì ní páìpù tó ṣí sí afẹ́fẹ́, bọ́ǹbù lẹ gbé sílé yẹn. Ẹ má dí ẹnu fáàfù yẹn torí pé ó ń kán omi.

Dígírì 60, ìṣẹ́jú àáyá bíi márùn-ún ló máa fi bó àgbàlagbà lára, ti ọmọdé ò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi fáàfù tó ń po gbígbóná pọ̀ mọ́ tútù síwájú táàpù. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, omi tó kàn lọ́ wọ́ọ́wọ́ láàárín dígírì 20 sí 45 tó sì dúró fún ọjọ́ pípẹ́, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Legionella fẹ́ràn ibẹ̀, èéfín omi ṣáwà lèèyàn fi ń mí i símú, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá jà. Tẹ́ẹ bá ti rìnrìn àjò tẹ́ẹ dé, ẹ tú omi tó ti sùn níbẹ̀ dànù, tàbí kẹ́ẹ gbé e dé 60 kẹ́ẹ tó lò ó. Níbi tómi ti ń di yìnyín, páìpù kọ́pà tómi wà nínú ẹ̀ máa là lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ tú u gbẹ kí òtútù tó dé.

Ká wá gbé wọn síra

Ọ̀sán lẹ ń lo omi, tàbí omi ìlúwẹ̀ẹ́ ni: páìpù rọ́bà. Ìrọ̀lẹ́: tánkì inú àpótí. Ìdájí: kọ́pà pẹ̀lú tánkì tẹ́ẹ wé dáadáa, ìgò rọ́bà sì lè rọ́pò kọ́pà tówó ò bá tíì sí, tánkì yẹn ni kẹ́ẹ má fi dunra. Tí ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí bá jọ pọ̀ nínú ilé kan, ti kọ́pà náà ni, ẹ kàn jẹ́ kó fẹ̀ sí i.

Èyíkéyìí tẹ́ẹ bá mú, tẹ́ẹ bá wà níhà àríwá ayé ẹ kọjú ẹ̀ sí gúúsù, tó bá jẹ́ ìhà gúúsù ayé ẹ kọjú ẹ̀ sí àríwá, kẹ́ẹ tẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bí iye dígírì tí ibi tẹ́ẹ wà fi jìnnà sí àárín ayé, ìyẹn ìlà tó pín ayé sí ìhà àríwá àti ìhà gúúsù. Ẹni tó wà lẹ́bàá àárín ayé gan-an, ẹ má tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ẹ tẹ̀ ẹ́ tó dígírì 10, kí afẹ́fẹ́ lè gun òkè jáde kójò sì lè fọ eruku ojú ẹ̀.

Kẹ́ẹ tó gé kọ́pà kankan, ẹ bomi kún kòkò dúdú kan, ẹ gbé e sínú páálí tẹ́ẹ ti tẹ́ aṣọ sí, ẹ fi gíláàsì fèrèsé dé e, ẹ gbé e síbi tẹ́ẹ ní lọ́kàn láti àárọ̀. Ẹ fi tẹ̀mómítà wò ó láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ tún wò ó láago márùn-ún ìdájí, kẹ́ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀. Ìgbà tí mo ṣe é, 51 ni mo kọ nírọ̀lẹ́, ìdájí 24. Ìdájí lèmi máa ń wẹ̀.